Ẹrù Tó Wà Nínú Kọ̀ǹpútà Àtijọ́: Bí A Ṣe Ń Kó Lẹ́tà àti Àdírẹ́sì Láìsọ Ọ̀kan Nù

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú ìjókòó. Ẹ ṣé tí ẹ fi òwúrọ̀ Sátidé yín sílẹ̀ láti wá gbọ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà. Mo mọ̀ pé kọ̀ǹpútà ọ̀pọ̀ nínú yín ti gbó, ẹ̀rù sì ń bà yín láti pààrọ̀ rẹ̀ nítorí ohun tó wà nínú rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni mo bá wá: lẹ́tà ímeèlì yín, tiyín ni, ètò tí ẹ fi ń kà á kọ́ ló ni ín. Ètò lè kú, ilé-iṣẹ́ tó ṣe é lè kógbá sílé, kọ̀ǹpútà lè jóná. Kò yẹ kí lẹ́tà bá wọn lọ.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ sí ilé bàbá kan ní Ìbàdàn, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì kan wà ní igun yàrá wọn, aṣọ funfun ni wọ́n fi bò ó, bí àwọn ìyá wa ṣe máa ń bo tẹlifíṣọ̀n láyé ọjọ́sí. Windows XP ló wà lórí rẹ̀. Bí mo ṣe tàn án, fáànù inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun. Àwọn ọmọ wọn ti fi kọ̀ǹpútà alágbèéká tuntun ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù, ó wà nínú páálí lórí àga, Bàbá ò tíì tú u. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, lẹ́tà ìyá wọn wà nínú èyí. Tí kò bá bá mi dé inú tuntun, kí wọ́n gbé tuntun náà padà."

Ìyá náà ti di olóògbé. Nígbà ayé wọn, léraléra ni wọ́n ń lọ bá àwọn ọmọ wẹ ọmọ tuntun ní Lọ́ńdọ̀nù, oṣù mẹ́ta, oṣù mẹ́fà, wọ́n á sì máa kọ̀wé sí Bàbá: bí òtútù ṣe mú, ohun tí ọmọ jẹ, iye tí wọ́n ń ta iṣu ní Peckham. Outlook Express ni Bàbá fi ń ka àwọn lẹ́tà náà. Microsoft ti pa ètò yẹn tì tipẹ́. Kò sì sí ibòmíràn tí lẹ́tà náà wà láyé yìí àfi inú ẹ̀rọ tó ń hanrun yẹn.

Kí ló fà á tí kò fi sí níbòmíràn? Ọ̀nà méjì ni ètò ímeèlì fi ń gba lẹ́tà. Èyí àkọ́kọ́ ni POP. Ẹ rántí àpótí tí a máa ń háyà ní ilé ìfìwéránṣẹ́. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ, o ṣí i, o kó lẹ́tà lọ sílé, àpótí ṣófo. Bí POP ṣe ń ṣe nìyẹn: ètò orí kọ̀ǹpútà rẹ á lọ bá sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ ímeèlì tí lẹ́tà ń dé sí, á kó lẹ́tà wálé, á sì pa ti ọ̀hún rẹ́, àfi tí o bá sọ fún un pé kó fi ẹ̀dà sílẹ̀. Èkejì ni IMAP, tí Mark Crispin ṣe ní Yunifásítì Stanford ní 1986. Ní ti IMAP, lẹ́tà ò kúrò ní ilé ìfìwéránṣẹ́. Ibẹ̀ lo ti ń lọ kà á, o lè gba ẹnu ọ̀nà fóònù wọlé, o sì lè gba ti kọ̀ǹpútà.

A ò lè bá àwọn tó lo POP nígbà yẹn wí. Àyè kò sí ní sáfà. Kí Gmail tó dé ní oṣù kẹrin 2004 pẹ̀lú àyè 1 GB, 2 MB ni Hotmail ń fún ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́, 4 MB ni ti Yahoo. Fọ́tò méjì péré ti kún un. Ẹni tó bá fẹ́ tọ́jú lẹ́tà rẹ̀, kó kó o wálé ni. Nítorí náà, kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ wọ ibi tí a ti ń ṣètò àkántì nínú ètò yín, ẹ wò ó bóyá POP ni wọ́n kọ síbẹ̀ tàbí IMAP. Tó bá jẹ́ IMAP, ọkàn yín lè balẹ̀ díẹ̀: púpọ̀ nínú iṣẹ́ kíkó yìí á parí nígbà tí ẹ bá fi àkántì náà sórí ètò tuntun. Mo ní díẹ̀, torí pé ẹni tó ń lo IMAP náà lè ti fa lẹ́tà sí fódà tó wà lórí kọ̀ǹpútà nìkan, èyí tí wọ́n ń pè ní Local Folders nínú ètò ímeèlì Thunderbird tàbí Archives nínú Outlook. Tó bá jẹ́ POP, ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan títí a ó fi sọ̀rọ̀ tán.

Ibi tí lẹ́tà wà gan-an ló ti ń ṣe ènìyàn ní jàǹbá. Mi ò ní purọ́ fún yín, èmi fúnra mi ti ṣe é rí. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, lóyà kan gbé kọ̀ǹpútà tí fáírọ́ọ̀sì ti bà jẹ́ wá. Mo kó Desktop, mo kó My Documents, mo wo gbogbo fọ́tò, mo ní ó ti pé. Mo fọ kọ̀ǹpútà náà, mo gbé Windows tuntun lé e. Nígbà tí lóyà dé ilé tó ṣí Outlook Express, kò bá nǹkankan. Lẹ́tà ọdún mẹ́sàn-án. Àwọn oníbàárà rẹ̀, ẹjọ́ tó wà nílé ẹjọ́, gbogbo rẹ̀ lọ. Mo ra ètò tí wọ́n fi ń wá fáìlì tó sọnù, mo fi ọjọ́ mẹ́rin wá a, ohun tí mo rí padà kò ju ègé lọ. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń sọ̀rọ̀ yìí fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbọ́.

Ohun tí mi ò mọ̀ nígbà náà ni pé Outlook Express kì í kó lẹ́tà sí ibi tí ojú ti lè rí i. Inú fódà tí Windows fi pamọ́ ló wà, ní Local Settings, lẹ́yìn náà Application Data, lẹ́yìn náà Identities, lẹ́yìn náà fódà tí orúkọ rẹ̀ jẹ́ àkójọ nọ́mbà àti lẹ́tà tí kò ní ìtumọ̀, lẹ́yìn náà Microsoft, lẹ́yìn náà Outlook Express. Níbẹ̀ ni wàá ti bá Inbox.dbx, Sent Items.dbx, Drafts.dbx: fódà kọ̀ọ̀kan tí o rí lójú ètò ní fáìlì tirẹ̀. Tí o kò bá fẹ́ wá a kiri, ṣí Outlook Express, lọ sí Tools, Options, Maintenance, kí o tẹ Store Folder, á fi ojú ọ̀nà náà hàn ọ́. Àdírẹ́sì àwọn ènìyàn kò sí níbẹ̀ rárá. Fódà mìíràn, fáìlì mìíràn, tí ìrù rẹ̀ jẹ́ .wab. Ẹni tó bá kó lẹ́tà tó gbàgbé .wab, ó kó ìwé ó fi orúkọ sílẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Thunderbird. AppData ni, ní Roaming, abẹ́ Thunderbird, nínú Profiles, fódà tí Windows fi pamọ́ náà ni. Ti Outlook, tí kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú Outlook Express, sàn díẹ̀: láti ẹ̀dà 2010, inú Documents ló ń fi fáìlì .pst sí, ní Outlook Files. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá rí fáìlì .ost, ẹ má rò pé ìyẹn náà ṣe é gbé lọ. Ẹ̀dà ohun tó wà ní sáfà ni .ost, àkántì tó dá a sílẹ̀ ló so ó mọ́ ara rẹ̀. Tí ẹ bá gbé e dé kọ̀ǹpútà mìíràn, Outlook ibẹ̀ ò ní ṣí i fún yín.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ètò ímeèlì ń kú. Steve Dorner kọ Eudora ní 1988 ní Yunifásítì Illinois. Ní àwọn ọdún 1990, Eudora ni ọ̀gá, òun ni àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ń lò káàkiri ayé. Ilé-iṣẹ́ Qualcomm tó gbà á dáwọ́ iṣẹ́ lórí rẹ̀ dúró ní 2006. Outlook Express bá Internet Explorer 4 dé ní 1997, ó sì parí sí Windows XP. Windows Mail rọ́pò rẹ̀ nínú Vista, Windows Live Mail tún gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, Microsoft sì jáwọ́ nínú ìyẹn ní oṣù kìíní 2017. Ètò Mail tó wà nínú Windows 10, òun náà parí ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá 2024. Ẹ ka iye ètò tí ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo ti gbé kalẹ̀ tó sì tún gbé kúrò. Gbogbo wọn ló ní ẹni tó fi ọkàn tán wọn.

Nítorí náà, ohun tó yẹ kí a máa wò ni irú àpò tí lẹ́tà wà nínú rẹ̀. Àpò kan wà tí olówó rẹ̀ nìkan mọ bí wọ́n ṣe ń tú u. Àpò kan sì wà tí ẹnikẹ́ni lè tú. Fáìlì .dbx wà nínú àwọn àkọ́kọ́. Fáìlì .pst náà bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀, títí Microsoft fi tẹ àlàyé bí wọ́n ṣe ṣe é jáde fún gbogbo ayé ní 2010. Lónìí, ètò ọ̀fẹ́ kan lórí Linux tó ń jẹ́ readpst lè ṣí .pst láìsí Outlook rárá, kó sì tú lẹ́tà inú rẹ̀ sílẹ̀ sínú àpò tí gbogbo ènìyàn mọ̀.

Àpò tí gbogbo ènìyàn mọ̀ yẹn ni mbox. Ẹ jẹ́ kí n ṣí i hàn yín, torí ó dára lójú mi. Tí ẹ bá fi Notepad ṣí fáìlì mbox, ọ̀rọ̀ lásán ni ẹ ó bá níbẹ̀, lẹ́tà kan tẹ̀lé òmíràn, bí ìgbà tí akọ̀wé ń kọ gbogbo ìwé sínú bébà gígùn kan. Ohun tó ń fi hàn pé lẹ́tà tuntun ti bẹ̀rẹ̀ ni ìlà kan tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́ jẹ́ From, tí àlàfo sì tẹ̀lé e. Tí ẹnìkan bá wá kọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì nínú lẹ́tà rẹ̀ tí ìlà kan sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú From ńkọ́? Ètò á fi àmì > síwájú rẹ̀ kí ó má bàa ṣi nǹkan kà. Tí ẹ bá ti rí >From rí láàárín lẹ́tà àtijọ́, tí ẹ ò mọ ẹni tó fi àmì yẹn síbẹ̀, àṣírí rẹ̀ nìyẹn. Mbox ni Thunderbird ń lò, mbox náà ni Google Takeout máa ń fún yín tí ẹ bá ní kí Google kó gbogbo lẹ́tà yín fún yín. Arákùnrin rẹ̀ ni .eml: lẹ́tà kan, fáìlì kan. Lẹ́tà tó bá ti wà nínú ọ̀kan nínú méjèèjì yìí ti bọ́ lọ́wọ́ ikú ètò.

Ẹ padà bá mi lọ sí ilé Bàbá. Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo yọ okùn íntánẹ́ẹ̀tì kúrò lára ẹ̀rọ náà, torí Microsoft ti ṣíwọ́ ìtọ́jú Windows XP láti oṣù kẹrin 2014, ẹ̀rọ tó bá ṣì ń gbé e jáde sórí íntánẹ́ẹ̀tì kò láàbò. Mo gbé gbogbo fódà .dbx àti fáìlì .wab sórí fláàṣì méjì, kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Fláàṣì méjì, nítorí iná. Iná lọ lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ yẹn.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo gbé Thunderbird 52 lé ẹ̀rọ àtijọ́ náà. Ẹ fi nọ́mbà yẹn sọ́kàn: 52 ni ìran Thunderbird tó kẹ́yìn tó ń ṣiṣẹ́ lórí XP. Mo ti gbé e wá lórí fláàṣì láti ilé. Ìdí tí mo fi lọ sí ẹ̀yìn tó bẹ́ẹ̀ ni pé Thunderbird ayé àtijọ́ mọ bí wọ́n ṣe ń bá Outlook Express sọ̀rọ̀ tí àwọn méjèèjì bá wà lórí kọ̀ǹpútà kan náà. Ti òde òní ò mọ̀ ọ́n mọ́. Tools, Import, Mail, Outlook Express. Mo tẹ̀ ẹ́, Bàbá jókòó tì mí. Ó gbà tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Orúkọ ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní ìlà, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, ó ń lọ sókè lójú ẹ̀rọ. Bàbá ò sọ nǹkankan. Wọ́n yọ gíláàsì wọn.

Láti ibẹ̀, iṣẹ́ tó kù rọrùn, ṣùgbọ́n ibì kan wà níbẹ̀ tó máa ń tan ènìyàn jẹ. Tí o bá wọ inú fódà Thunderbird, wàá rí Inbox tí kò ní ìrù kankan, wàá sì rí Inbox.msf. Ọ̀pọ̀ ló máa ń kó .msf nìkan, torí pé èyí tí kò nírù yẹn dà bí fáìlì tó bàjẹ́. Èyí tí kò nírù yẹn gan-an ni lẹ́tà! Àkọsílẹ̀ orí lẹ́tà lásán ni .msf, Thunderbird lè tún un ṣe tó bá sọnù. Fódà tó ní .sbd lórúkọ ni fódà inú fódà wà. Mo ti Thunderbird pa lórí kọ̀ǹpútà méjèèjì, mo kó àwọn tí kò nírù àti .sbd, mo kó wọn sínú Mail, Local Folders, lórí kọ̀ǹpútà tuntun, mo ṣí i, ó kà wọ́n. Kíkó wọn nígbà tí ètò ṣì wà ní ṣíṣí ni kí ẹ yẹra fún. Bákan náà ni ti .pst: ẹ ti Outlook pa kí ẹ tó ṣe ẹ̀dà rẹ̀.

Ẹ̀yin tó ń ti Outlook bọ̀ wá sí Thunderbird, ẹ fi àwọn méjèèjì sórí kọ̀ǹpútà kan náà, ẹ jẹ́ kí Outlook jẹ́ ètò ímeèlì àkọ́kọ́ tí Windows mọ̀, Thunderbird á gba ẹnu rẹ̀ kó lẹ́tà. Ẹ̀yin tó ń ti Thunderbird lọ sí Outlook, ọ̀nà yín gùn jù ú lọ, torí Outlook kò mọ mbox. Ẹ̀yin ni afárá IMAP wúlò fún: ẹ fi àkántì IMAP kan náà sórí ètò méjèèjì, ẹ fa fódà láti Local Folders sínú rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan, á jáde ní ẹ̀gbẹ́ kejì.

Afárá dára, ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀ṣọ́. Gmail kì í gbà ju 500 MB lọ lójúmọ́ tí ẹ bá ń fi IMAP gbé lẹ́tà lọ sínú rẹ̀. Ẹni tó ní lẹ́tà 6 GB á lò ju ọjọ́ méjìlá lọ, dátà 6 GB náà á sì jáde lápò rẹ̀. Ẹ rántí pé fáìlì tí a so mọ́ lẹ́tà máa ń wúwo sí i, torí wọ́n máa ń sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ kí ó tó lè bá lẹ́tà rìn: fọ́tò 3 MB á di nǹkan bí 4 MB. Ẹ gbé e ní ọdún kọ̀ọ̀kan, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti èyí tó ṣe pàtàkì jù. Ohun kejì ni pé ètò tó ti gbó lè má lè wọlé mọ́ rárá. Láti ọjọ́ 16 oṣù kẹsàn-án 2024, Outlook.com kì í gba pásíwọ́ọ̀dù lásán lọ́wọ́ ètò ímeèlì mọ́, wọ́n fẹ́ kí ètò náà mọ ọ̀nà ìwọlé tuntun. Tí ètò àtijọ́ yín bá ń béèrè pásíwọ́ọ̀dù léraléra, tó sì dá yín lójú pé ẹ kọ ọ́ dáadáa, ẹ má bínú sí ọwọ́ yín. Ẹ lo ọ̀nà fáìlì dípò afárá.

Ẹ jẹ́ kí n wá sórí àdírẹ́sì àwọn ènìyàn, torí níbí ni ọ̀rọ̀ ti kan àwa Yorùbá gan-an.

Obìnrin kan ń ta àdìrẹ ní Abẹ́òkúta, àwọn oníbàárà rẹ̀ wà ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n wà ní Houston. Ó fẹ́ràn àmì, kò kọ orúkọ ẹnikẹ́ni láìfi àmì sí i. Wọ́n bá a kó àdírẹ́sì láti ètò kan sí òmíràn, ó ṣí i, ó bá á pé oníbàárà rẹ̀ tó ń jẹ́ Ṣadé ti di á¹¢adÃ©. Ó pè mí, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n, ó ní fáírọ́ọ̀sì ti jẹ orúkọ àwọn ènìyàn òun.

Fáírọ́ọ̀sì kọ́ ni. Nínú ètò ìkọ̀wé tí wọ́n ń pè ní UTF-8, ìdá kan péré, tí wọ́n ń pè ní byte, ni lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì máa ń gbà. É máa ń gba méjì. Ṣ tiwa máa ń gba mẹ́ta. Ètò tó wá kà á rò pé ìdá kan, lẹ́tà kan ni, nítorí náà ó ka Ṣ bí ohun mẹ́ta: á, ¹, ¢. Ẹ ka àmì tó wà lójú yẹn, mẹ́ta ni lóòótọ́. Àìsàn yìí ṣe é wò pátápátá. Ẹ má fi ọwọ́ tún un kọ. Ẹ padà sí fáìlì àkọ́kọ́, ẹ tún un gbé wọlé, kí ẹ sì yan UTF-8 nígbà tí wọ́n bá bi yín. Ìṣẹ́jú márùn-ún, Ṣadé padà sípò rẹ̀.

Èyí tí kò ṣe é wò ni ?adé. Tí ẹ bá rí àmì ìbéèrè, ó túmọ̀ sí pé ìgbà tí wọ́n ń kọ fáìlì jáde ni ètò náà ti wo Ṣ, tí kò rí àyè fún un nínú ètò ìkọ̀wé tó ń lò, tó sì jù ú nù. Kò sí nínú fáìlì yẹn mọ́. Bí ẹ bá ti pa ètò àtijọ́ rẹ́, ó ti lọ nìyẹn: Ṣọlá, Ọlá, Ẹniọlá, ẹ ó máa ro ó lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó dùn mí pé orúkọ wa ló máa ń san owó yìí, torí John àti Mary máa ń kọjá láìfarapa nínú gbogbo ètò tí wọ́n ti ṣe rí. Nítorí náà, tí ẹ bá ń kó àdírẹ́sì jáde láti Thunderbird gẹ́gẹ́ bí CSV, ìyẹn fáìlì ọ̀rọ̀ lásán tí wọ́n fi kọ́mà pín, èyí tí wọ́n kọ UTF-8 sí ni kí ẹ mú. Outlook àtijọ́ kì í béèrè, ó kàn máa ń kọ CSV bí Windows ṣe fẹ́ ni, àmì ìbéèrè sì pọ̀ níbẹ̀. Ní ti Outlook, ẹ fi CSV sílẹ̀, ẹ lo vCard, kí ẹ sì wọ Options lọ yan UTF-8 fún un.

Fáìlì tí ìrù rẹ̀ jẹ́ .vcf ni vCard. Láti 1995 ni ó ti wà, ó sì ṣe é kà bíi mbox. BEGIN:VCARD ló fi ń bẹ̀rẹ̀, orúkọ á tẹ̀lé FN, nọ́mbà fóònù á tẹ̀lé TEL, END:VCARD ló fi ń parí. Fọ́tò ẹni náà lè wà nínú rẹ̀. Fóònù gbà á, Google gbà á, Thunderbird gbà á. Outlook nìkan ló ní ìwà kan: tí ènìyàn igba bá wà nínú fáìlì .vcf kan, ẹni àkọ́kọ́ nìkan ló ń mú. Ẹ ní láti pín wọn sí fáìlì kọ̀ọ̀kan fún un, tàbí kí ẹ kó wọn sínú Google, kí ẹ jẹ́ kí Google fún yín ní CSV ti Outlook.

Tí ẹ bá lo CSV, mo bẹ̀ yín, ẹ má tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì kó ṣí nínú Excel. Excel rò pé nọ́mbà fóònù jẹ́ iye owó. Á gé òdo iwájú 080 kúrò, á sọ nọ́mbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 234 di 2.34803E+12. Tí ẹ bá wá tẹ Save, Excel á kọ ìkọkúkọ yẹn sínú fáìlì, nọ́mbà gidi á sì parẹ́. Ẹ lọ sí Data, ẹ mú From Text/CSV, ẹ yan UTF-8, kí ẹ sọ fún un pé ọ̀rọ̀ ni nọ́mbà fóònù, kì í ṣe iye. Ẹgbẹ́ tí ẹ kó jọ, irú bí "Ìgbìmọ̀" tàbí "Ẹbí Ìyá", kì í bá CSV lọ. Thunderbird lè fi irú fáìlì mìíràn tí wọ́n ń pè ní LDIF gbé e, ṣùgbọ́n ní ti àwọn tó kù, ẹ kọ orúkọ àwọn tó wà níbẹ̀ sórí bébà.

Ọ̀rọ̀ kékeré kan tún wà fún ẹ̀yin tó ń fi àmì kọ orúkọ. Ọ̀nà méjì ni kọ̀ǹpútà lè gbà kọ ẹ: odidi lẹ́tà kan, tàbí e tí a fi àmì ìsàlẹ̀ lé lọ́tọ̀. Ojú wa rí ohun kan náà, ẹ̀rọ rí méjì. Ìdí nìyẹn tí Ẹniọlá fi lè jókòó lẹ́ẹ̀mejì nínú àdírẹ́sì yín lẹ́yìn tí ẹ bá pa ti fóònù àti ti kọ̀ǹpútà pọ̀, tí ètò sì ń sọ pé ènìyàn méjì ni. Ẹ wo nọ́mbà fóònù wọn kí ẹ tó pa ọ̀kan rẹ́.

Òfin náà ti ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀ yìí. Abala 20 òfin dátà ilẹ̀ Yúróòpù, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù karùn-ún 2018, sọ pé ẹni tó fún ilé-iṣẹ́ ní dátà lè gbà á padà ní irú tí ẹ̀rọ mìíràn lè kà. Òfin Ààbò Dátà ti Nàìjíríà, 2023, náà fún wa ní ẹ̀tọ́ yìí. Ẹ béèrè fún un láìtijú.

Kíkà ló kù. A ò tíì kó ẹrù tán títí a ó fi kà á. Ẹ kọ iye lẹ́tà tó wà nínú fódà kọ̀ọ̀kan nínú ètò àtijọ́ sórí bébà, ẹ kọ ti tuntun sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ ṣí lẹ́tà tó dàgbà jù, ẹ ṣí èyí tó dé kẹ́yìn, ẹ ṣí èyí tí fọ́tò wà nínú rẹ̀, ẹ ṣí èyí tí wọ́n kọ ní Yorùbá. Kí ẹ tó fọ kọ̀ǹpútà àtijọ́, ẹ lo tuntun fún oṣù méjì. Mo sọ fún lóyà yẹn nígbà tí mo lọ tọrọ àforíjì pé mi ò ní fọ kọ̀ǹpútà ẹnikẹ́ni mọ́ láìkà, mi ò sì tíì ṣe é láti ìgbà náà.

Ní ilé Bàbá, nígbà tí a kà á, mẹ́ta ló dín. Mo ka Inbox, ó pé. Mo ka Sent Items, ó pé. Mo tún gbogbo rẹ̀ kà látìbẹ̀rẹ̀. Inú Drafts ni mo bá wọn, fódà tí mi ò fi síbi tí mò ń kó nítorí mo rò pé kò sí ohun tó wúlò níbẹ̀. Méjì kò ní ọ̀rọ̀ kankan nínú. Ẹ̀kẹta jẹ́ lẹ́tà tí Bàbá fúnra wọn bẹ̀rẹ̀ sí ìyá, ìlà mẹ́rin, tí wọn ò parí, tí wọn ò sì fi ránṣẹ́. Bàbá kà á lójú ẹ̀rọ, wọ́n ní kí n kó o mọ́ wọn. Mo kó o.